Ojú Ọ̀run Tó Ẹyẹ Ẹ́ Fò, Ṣùgbọ́n Ọkọ̀ Òfuurufú Kì í Ṣe Ẹyẹ

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ará sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́, tí a sì tẹ̀ jáde nítorí àwọn tí kò lè wá



Àwọn àgbà wa ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ ẹ́ fò láìfara kanra. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ó sì ti parí ìjà púpọ̀ láàárín àwọn tí ń du ipò àti àwọn tí ń du ọjà. Ṣùgbọ́n ẹyẹ ni àwọn àgbà ń wí. Ẹyẹ a máa fi ojú ara rẹ̀ rí èkejì rẹ̀, a sì yà fún un. Ọkọ̀ òfuurufú ti òde òní ń sáré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí méjì bá dojú kọ ara wọn, wọn yóò jẹ ọ̀nà tí ó tó 30 kìlómítà tán láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Kí awakọ̀ tó fi ojú lásán rí ẹnì kejì, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Nítorí náà, kì í ṣe ojú ni ó ń pa àwọn èrò inú ọkọ̀ wọ̀nyí mọ́ láyè. Òfin ni, àti ọ̀rọ̀ tí àwọn tí ó wà lórí ilẹ̀ ń bá ara wọn sọ.

Ohun tí a fẹ́ wí lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Orílẹ̀-èdè tí ó bá fẹ́ kí àṣẹ rẹ̀ lórí òfuurufú rẹ̀ ní ìtumọ̀ gbọdọ̀ bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ lo òfin ààbò kan náà, kí àwọn ológun rẹ̀ àti àwọn tí ń darí ọkọ̀ èrò sì jọ jókòó sí ìdí tábìlì kan. Ẹni tí ó bá pe èyí ní títa òmìnira kò tíì ro ọ̀rọ̀ náà dé ìdí.

Ibi tí òfin ti pín sí méjì

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1944, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì kò tíì parí, àwọn aṣojú ọ̀pọ̀ ìjọba pàdé ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan lórí ọkọ̀ òfuurufú. Láti inú àdéhùn náà ni àjọ àgbáyé tí a ń pè ní ICAO ti jáde, èyí tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Montreal ní Kánádà. Ẹsẹ kìíní àdéhùn náà wí pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni ó ní àṣẹ pátápátá lórí òfuurufú tí ó wà lókè ilẹ̀ rẹ̀. Abẹ́ àṣẹ àjèjì ni a wà nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní ọdún 1960, òfuurufú di tiwa pẹ̀lú ilẹ̀.

Ẹsẹ kẹta ni ó yẹ kí a tẹ́tí sí jù. Ó wí pé àdéhùn náà kò kan ọkọ̀ àwọn ológun, ti kọ́sítọ́ọ̀mù, àti ti ọlọ́pàá. Ohun méjì péré ni ó béèrè lọ́wọ́ ìjọba nípa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: kí wọ́n má ṣe fò kọjá lórí ilẹ̀ onílẹ̀ láìgba àṣẹ, àti pé nígbà tí ìjọba bá ń ṣe òfin fún wọn, kí ó ro ti ààbò àwọn ọkọ̀ èrò mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ "kí ó ro ti ààbò" yìí ni gbogbo ẹrù náà dá lé. Bí ìjọba kan ṣe ń rò ó kọ́ ni òmíràn ṣe ń rò ó. Òfuurufú kan náà ni, òfin méjì ni ó wà nínú rẹ̀, àwọn tí ń lo òkan kì í sì í sábà mọ ohun tí àwọn tí ń lo èkejì ń ṣe.

Ohun tí ó ti ná ayé

Ẹ jẹ́ kí a wo Íńdíà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 1996, ọkọ̀ Boeing 747 kan ti Saudi Arabia gbéra ní Delhi, ọkọ̀ kan láti Kazakhstan sì ń bọ̀ wá balẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n kọlu ara wọn lókè ìlú Charkhi Dadri. Ènìyàn 349 ni ó wà nínú méjèèjì, kò sì sí ẹni tí ó yè. Ìwádìí fi hàn pé ọkọ̀ Kazakhstan sọ̀ kalẹ̀ kọjá 15,000 ẹsẹ̀ bàtà tí wọ́n pa láṣẹ fún un, ó sì bá èkejì ní 14,000. Àṣìṣe àwọn awakọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ni ó fà á tí ẹni tí ń lọ àti ẹni tí ń bọ̀ fi wà lójú ọ̀nà kan náà, tí ẹ̀mí ènìyàn 349 fi dá lé 1,000 ẹsẹ̀ bàtà? Ìdí ni pé apá tí ó pọ̀ jù nínú òfuurufú àyíká Delhi nígbà náà wà lọ́wọ́ àwọn ológun òfuurufú Íńdíà. Ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ni ó kù fún ọkọ̀ èrò, àlọ àti àbọ̀.

Ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ní ọdún 1973, àwọn olùdarí ọkọ̀ òfuurufú níbẹ̀ da iṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba sì kó àwọn ológun wá sípò wọn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún náà, ọkọ̀ méjì láti Sípéènì, tí àwọn méjèèjì ń lọ sí London, bá ara wọn ní ibi gíga kan náà lókè Nantes. Àwọn olùdarí ológun fẹ́ kí èkejì fà sẹ́yìn kí àkọ́kọ́ lè kọjá. Àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ kò rí olùdarí bá sọ̀rọ̀ lórí rédíò dáadáa, wọ́n yí ọkọ̀ po láti fi àkókò ṣòfò, wọ́n sì kọlu èkejì. Ènìyàn 68 tí ó wà nínú ọkọ̀ kan kú. Ọkọ̀ kejì fi apá tí ó ti bàjẹ́ balẹ̀ láyọ̀. Ọmọ ogun kì í ṣe òpè nínú iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í kọ́ àdàpọ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ tí wàhálà bá dé. Ìgbà tí ara dẹ̀ ni a ń kọ́ ọ.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. A kò bú ológun. Ọmọ ogun òfuurufú tí kò bá rí àyè dánra wò kò ní lè gbèjà ìlú. Ohun tí a ń wí ni pé ológun àti èrò jọ ni òfuurufú náà ni, àjọni sì ní òfin tirẹ̀.

Ohun tí Yúróòpù ṣe, àti ohun tí wọ́n kọ̀ láti ṣe

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 1960, oṣù méjì àti ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira Nàìjíríà, orílẹ̀-èdè mẹ́fà pàdé ní Brussels: Bẹ́ljíọ̀m, Faransé, Jámánì ti ìwọ̀-oòrùn, Lúksẹ́mbọ́ọ̀gì, Nẹ́dálándì àti Bìrìtìkó. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Eurocontrol. Èrò wọn ni pé kí òkè òfuurufú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà di ọ̀kan, kí ẹgbẹ́ náà sì máa darí gbogbo ọkọ̀ tí ó bá ń gba ibẹ̀ kọjá.

Inú ìwé ni èrò náà dùn mọ. Nígbà tí ó kan ìṣe, Bìrìtìkó àti Faransé kò fi òkè òfuurufú wọn sílẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ológun wà níbẹ̀. Ó di ọdún 1972 kí ilé iṣẹ́ ìdarí kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Maastricht ní Nẹ́dálándì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń darí ọkọ̀ tí ó bá ga ju 24,500 ẹsẹ̀ bàtà lọ lókè Bẹ́ljíọ̀m, Nẹ́dálándì, Lúksẹ́mbọ́ọ̀gì àti apá kan Jámánì. Ilé iṣẹ́ kan fún ilẹ̀ mẹ́rin! Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà tí ó pàdánù àsíá rẹ̀ tàbí ọmọ ogun rẹ̀ nítorí bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1996 ni wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ ológun lọ́nà tí ó yẹ kí a kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ pe apá kan nínú òfuurufú ní ti ológun títí ayé, tàbí ní ti èrò títí ayé mọ́. Ọ̀kan ni gbogbo rẹ̀, ẹni tí ó bá nílò rẹ̀ ní wákàtí kan ni a ó fún ní wákàtí náà. Ọ̀nà mẹ́ta ni iṣẹ́ náà ń gbà. Àwọn aláṣẹ ìjọba àti àwọn ọ̀gá ológun á kọ́kọ́ jọ fi ìlànà lélẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ìrìn, ilé iṣẹ́ kan tí ológun àti alágbádá jọ jókòó sí á pín àyè fún oníkálukú. Ní ọjọ́ náà gan-an, àwọn olùdarí méjèèjì á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ológun bá tètè parí ìdánrawò rẹ̀, wọ́n á ṣí ọ̀nà fún ọkọ̀ èrò lẹ́sẹ̀kan náà. Bí agbo ilé wa ti ń lo àgbàlá ni èyí. Ẹni tí ó ń ṣe ìnáwó ni ó ni ín lónìí. Bí àlejò bá ti lọ tán, ó di ti gbogbo ilé padà. Ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ ìlànà náà di òfin ní ọdún 2005.

Òru ọjọ́ kan lókè Überlingen

Síbẹ̀, àdéhùn tí kò pé léwu ju àìsí àdéhùn lọ nígbà mìíràn, nítorí ó ń jẹ́ kí ọkàn ènìyàn balẹ̀. Ní òru ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2002, ọkọ̀ Tupolev kan láti Rọ́ṣíà, tí ń lọ sí Barcelona, kọlu ọkọ̀ ẹrù kan tí ń ti Ítálì lọ sí Brussels. Ènìyàn 71 ni ó kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé ìwé láti ìlú Ufa tí ń lọ fún ìsinmi.

Òfuurufú Jámánì ni wọ́n wà, ní gúúsù, lókè ìlú Überlingen. Ṣùgbọ́n ará Swítsàlandì tí ó jókòó ní Zürich ni ó ń darí wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó wà nídìí iṣẹ́ lóru náà, tí ó ń ṣọ́ rádà méjì. Ẹnì kejì rẹ̀ ti lọ sinmi. Wọ́n ń tún ẹ̀rọ ṣe, nítorí náà ìkìlọ̀ tí ó yẹ kí ó hàn lójú rádà kò hàn, tẹlifóònù pẹ̀lú sì ti kú. Àwọn olùdarí Jámánì ní Karlsruhe rí ewu náà. Wọ́n pe Zürich, pe Zürich; ìpè kò wọlé.

Nínú ọkọ̀ méjèèjì ni ẹ̀rọ kan wà tí ń kìlọ̀ bí ọkọ̀ mìíràn bá súnmọ́ jù. Ẹ̀rọ sọ fún ọkọ̀ ẹrù pé kí ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì sọ fún Tupolev pé kí ó gòkè. Olùdarí tí ó wà lórí ilẹ̀, tí kò mọ ohun tí ẹ̀rọ wí, sọ fún Tupolev pé kí ó sọ̀ kalẹ̀. Ta ni kí awakọ̀ gbọ́? Ìwé ìlànà tí ó wà lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ kò fi ohùn kan dáhùn. Ní oṣù kìíní ọdún 2001, irú ìdàrúdàpọ̀ kan náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn nínú ọkọ̀ méjì ní Jàpáánù. Ayé gbọ́, ṣùgbọ́n òfin kò tíì yí padà. Ẹ̀yìn Überlingen, ní ọdún 2003, ni ICAO tó kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ni kí awakọ̀ tẹ̀ lé.

Ẹ gbọ́ èyí tí ó kù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ ní ìlú Konstanz, adájọ́ wí ní ọdún 2006 pé kò sí àdéhùn tí ó fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ lábẹ́ òfin tí Jámánì fi gbé òfuurufú náà lé Swítsàlandì lọ́wọ́. Nítorí náà, ọrùn Jámánì ni ẹ̀bi náà wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni iṣẹ́ náà ti ń lọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó rọrùn. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ẹni tí ó bá fẹ́ràn òmìnira orílẹ̀-èdè rẹ̀. A lè fi iṣẹ́ rán aládùúgbò, ṣùgbọ́n a kò lè fi ojúṣe wa tọrẹ. Bí a bá fẹ́ rán an níṣẹ́, kí a kọ ọ́ sínú ìwé, kí a sì máa yẹ iṣẹ́ náà wò.

Ìdáhùn sí àwọn tí ń bẹ̀rù

Àwọn kan yóò bi wá pé: "Ṣé kì í ṣe pé a ó fi àṣẹ wa lé àjèjì lọ́wọ́ báyìí?" Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, pàápàá láti ẹnu àwọn tí àjèjì ti ṣe ìjọba lé lórí rí. Ṣùgbọ́n ọba tí ó bá ọba kejì dá ọjà sí ààlà, tí wọ́n jọ ṣe òfin àlàáfíà fún un, kò sọ adé rẹ̀ nù. Bìrìtìkó jáde kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní ọdún 2020. Kò jáde kúrò nínú Eurocontrol, tí orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 40 ti wọ̀.

Àṣẹ tí ó dá nìkan wà ńkọ́? Ní oṣù Keje ọdún 2014, ogun wà ní ìlà-oòrùn Ukraine. Ìjọba ibẹ̀ ti òfuurufú náà pa títí dé 32,000 ẹsẹ̀ bàtà, wọ́n sì fi òkè rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 17, ọkọ̀ Malaysia kan ń kọjá ní 33,000, rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n yìn láti ilẹ̀ sì já a. Ènìyàn 298 ni ó kú. Ìgbìmọ̀ ààbò ti Nẹ́dálándì wí lẹ́yìn náà pé ìdí wà tí ó tó láti ti gbogbo rẹ̀ pa. Àwọn tí ó yìn ín ni apànìyàn. Síbẹ̀, ohun tí ojú ológun ti rí kò di ìkìlọ̀ tí ó tó fún ọkọ̀ èrò.

Òfin nìkan kò sì tó bí a kò bá tọ́jú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí ọkọ̀ èrò méjì ti kọlu ara wọn lókè Grand Canyon ní ọdún 1956, tí ènìyàn 128 kú, tí ọkọ̀ ológun sì tún kọlu ọkọ̀ èrò lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan ní ọdún 1958, wọ́n ṣe òfin tí ó fi òfuurufú ológun àti ti èrò sábẹ́ àjọ kan. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025, hẹlikópítà ológun kan kọlu ọkọ̀ èrò nítòsí pápá ọkọ̀ òfuurufú ní Washington, ènìyàn 67 sì kú. Lẹ́yìn náà ni ayé gbọ́ pé tẹlifóònù tààrà tí ó wà láàárín ilé iṣẹ́ ológun àti àwọn olùdarí pápá náà kò ṣiṣẹ́ láti ọdún 2022. A kò wí pé tẹlifóònù náà ni ó pa wọ́n. Ohun tí a wí ni pé ọdún mẹ́ta pọ̀ jù fún okùn ọ̀rọ̀ láti já láìsí ẹni tí ó so ó.

Ilé wa ńkọ́?

Ẹni tí ó bá ń wo iná ilé ẹlòmíràn, kí ó wo òrùlé tirẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1997, ọkọ̀ ológun Jámánì àti ti Amẹ́ríkà kọlu ara wọn ní etíkun Namibia, ènìyàn 33 kú. Ẹ̀rọ akìlọ̀ kò sí nínú ọ̀kankan wọn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, lókè Senegal, ọkọ̀ kékeré tí ń gbé aláìsàn kọlu ọkọ̀ èrò tí ń ti Dakar bọ̀ ní Cotonou. Ọkọ̀ kékeré náà kò sí ní ibi gíga tí a pa láṣẹ fún un. Ènìyàn méje tí ó wà nínú rẹ̀ ni òkun gbé mì.

Láti ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, àyè tí a ń fi sáàárín ọkọ̀ kan àti èyí tí ó wà lókè rẹ̀ ní Afíríkà, láti 29,000 dé 41,000 ẹsẹ̀ bàtà, ti di 1,000 dípò 2,000. Ìlọsíwájú ni, nítorí ọ̀nà pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ológun tí kò bá ní ẹ̀rọ tí òfin náà béèrè, 2,000 ni a gbọdọ̀ fi sílẹ̀ fún un. Báwo ni olùdarí yóò ṣe mọ̀, bí ológun kò bá sọ fún un pé òun ń bọ̀?

Ẹ tún wo ààlà tí àwọn aláwọ̀ funfun fà sí wa láàárín. Ìmẹ̀kọ wà ní Nàìjíríà, Kétu wà ní Benin, ọmọ Odùduwà ni wọ́n níhà méjèèjì. Ọkọ̀ òfuurufú ń ti òkè ọ̀kan dé òkè èkejì ní ìṣẹ́jú mélòó kan. Ṣùgbọ́n Benin àti Togo wà nínú ẹgbẹ́ ASECNA, tí a dá sílẹ̀ ní Saint-Louis ní Senegal ní oṣù Kejìlá ọdún 1959, tí ibùjókòó rẹ̀ sì wà ní Dakar. Nàìjíríà kò sí nínú rẹ̀. Òun ń darí òfuurufú tirẹ̀ láti Kano àti Lagos. Ààlà ilẹ̀ ti di ààlà ọ̀run. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger, tí wọ́n sì ti òfuurufú wọn pa láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ títí di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, àwọn ọkọ̀ tí ń ti Lagos lọ sí Yúróòpù níláti yí po. Ìjà òṣèlú lórí ilẹ̀ di ọ̀nà jíjìn àti owó epo fún ẹni tí kò mọ̀dí ìjà.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a ń béèrè. Kí àwọn ìjọba Ìwọ̀-oòrùn Afíríkà, ti èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ti èdè Faransé, jọ lo òfin ààbò kan, kí wọ́n sì fi gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń rán ara wọn sínú ìwé àdéhùn tòótọ́. Kí ológun àti alágbádá jọ jókòó sí ilé iṣẹ́ kan lójoojúmọ́, kì í ṣe ní ọjọ́ wàhálà nìkan. Kí ẹni tí ń darí ọkọ̀ má jẹ́ ẹni tí yóò tún yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò. Ní Nàìjíríà, NAMA ni ó ń darí, NCAA ni ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó dára bẹ́ẹ̀, kí agbára ayẹ̀wò náà má sì di ti ẹnu lásán. Paríparí rẹ̀, kí olùdarí tàbí awakọ̀ tí ó bá jẹ́wọ́ àṣìṣe tí kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe má di ẹni ìyà, nítorí ìkìlọ̀ tí a bá fi pamọ́ ní ìlú kan ni yóò pa ènìyàn ní ìlú kejì.

Ẹ̀yin ará, ojú ọ̀run ṣì tó gbogbo ẹyẹ. Kí ó lè tó ọkọ̀ pẹ̀lú, ó di ọwọ́ àwa ènìyàn. Nígbà tí àwọn tí ń béèrè ìbò bá dé ọ̀dọ̀ yín, tí wọ́n ṣèlérí pápá ọkọ̀ òfuurufú tuntun, ẹ bi wọ́n pé: ta ni yóò máa bá Cotonou àti Niamey sọ̀rọ̀ lóru, ṣé tẹlifóònù àwọn ológun sì ń dún?  Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àwọn tí ó wà lójú ọ̀nà, lókè àti nílẹ̀.